Ìkànlẹ̀kùn tí fóònù ti ṣáájú dé: ìṣẹ̀lẹ̀ kan ní Kétu

Ìjókòó ìkànlẹ̀kùn kan, níbi tí ìdílé ọkọ ti wá tọrọ ìyàwó, tú ká ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin, kí wọ́n tó gbé obì kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó orí kọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kọ́. Ohun tí ìdílé ìyàwó rí lórí Facebook ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni olórí ẹbí wọn gbé síwájú àlejò lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, kò sì sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nínú ohun tó sọ nípa rẹ̀. A kọ ọ́ sílẹ̀ ní kíkún nítorí pé àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú wíwá ènìyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí a tó pàdé rẹ̀ pé síbẹ̀, ọ̀kan ń fa èkejì. A ò ní dárúkọ ẹnì kankan. Ipò tí kálukú wà nínú ọ̀rọ̀ náà la ó máa fi pè é.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé a ń bá ìwádìí jà. Láyé àwọn bàbá wa, kò sí ìdílé tó máa fọmọ fún ẹni tí wọn ò wádìí. Wọ́n á rán ènìyàn lọ sí àdúgbò, wọ́n á béèrè nípa àrùn, nípa gbèsè, nípa ìwà ìyá ọkọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n rán ní orúkọ, wọ́n mọ ilé rẹ̀, bó bá sì purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ, òun ni wọ́n máa pè wá wí tẹnu rẹ̀. Ìwádìí orí fóònù kì í sábà ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló wá a, gbogbo ènìyàn ló rí i, kò sí ẹni tó máa dáhùn fún un. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Kétu yìí ti ṣẹ̀.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà jẹ́ ẹni ọdún 34, ó ń gbé ní Porto-Novo. Iṣẹ́ pánẹ́ẹ̀lì oòrùn ló ń ṣe: ó ń tà á, ó ń gbé e sórí òrùlé, iṣẹ́ náà sì máa ń gbé e dé Ṣábẹ̀ẹ́ (Savè). Ọmọbìnrin náà jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Kétu. Alárinà wọn jẹ́ ìyá àgbà kan tó bá ìdílé méjèèjì tan. Ní ilé ìyàwó, àwọn mẹ́ta ni kí ẹ fi sọ́kàn: àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ń kàwé ní yunifásítì Abomey-Calavi, àbúrò ìyá rẹ̀ tó ń ṣòwò ní Kútọnu, àti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tí í ṣe olórí ẹbí, tó sì máa gba àlejò.

Ohun kan wà tó ṣe pàtàkì ju gbogbo ohun tí wọ́n padà rí lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní ọmọ kan, ọmọ ọdún 6, tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ṣábẹ̀ẹ́. Kò fẹ́ ìyá ọmọ náà, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ bùkátà ọmọ. Ọmọbìnrin wa mọ̀, ìyá rẹ̀ mọ̀, alárinà náà mọ̀. Àwọn bàbá nìkan ni wọn ò tíì sọ fún. Ètò tí wọ́n ṣe ni pé alárinà yóò bá wọn sọ ọ́ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ilẹ̀ ọjọ́ ìkànlẹ̀kùn tó mọ́. Kò sí fọ́tò ọmọ yìí kankan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyá ọmọ ló ní òun ò fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá fi oṣù kan wá a, kò ní rí i.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀

Àbúrò ìyàwó ló kọ́kọ́ mú fóònù. Ẹnikẹ́ni kò rán an, àníyàn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń ṣe é. Ó tẹ orúkọ àna rẹ̀ bó ṣe ń gbọ́ ọ lẹ́nu, ọ̀nà kan ṣoṣo. Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí ìwádìí orúkọ Yorùbá ní Benin, ibi àkọ́kọ́ tó ti ń kọsẹ̀ nìyí.

Ìwé ìbí ilẹ̀ Benin ń kọ orúkọ wa ní ìlànà Faransé. Àjàyí di Adjayi, Babátúndé di Babatoundé, Ògúndélé di Ogoundélé, Adéṣínà di Adéchina. Akọ̀wé kan á kọ ch, òmíràn á kọ sh, òmíràn á kọ s lásán. Bàbá kan náà lè bí ọmọ mẹ́ta, kí ìwé ìbí wọn gbé orúkọ ìdílé jáde ní ọ̀nà méjì. Àwọn ẹbí rẹ̀ tó wà ní ìhà Nàìjíríà ń kọ tiwọn ní ọ̀nà kẹta. Lórí ìwé, orúkọ ìdílé ló ń ṣáájú, orúkọ àbísọ àti orúkọ mùsùlùmí tàbí ti ìjọ á tẹ̀lé e. Lórí Facebook, ọ̀pọ̀ á yí i padà sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ á fi ìnagijẹ rọ́pò rẹ̀ pátápátá. Ní ìdà kejì, orúkọ kan náà pọ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn: a ń sọ ọmọ ní orúkọ bàbá àgbà, gbogbo ìbejì sì ni Táíwò àti Kẹ́hìndé. Nítorí náà, ẹni tí à ń wá lè wà níbẹ̀ kí a má rí i, ẹni tí a ò wá sì lè jáde wá bí ẹni pé òun ni.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é dáadáa, kó kọ orúkọ náà sórí ìwé ní ọ̀nà mẹ́rin ó kéré tán, kó tó fọwọ́ kan fóònù: bó ṣe wà lórí ìwé ìdánimọ̀, bí àwọn ará Nàìjíríà ṣe máa kọ ọ́, bó ṣe rí láìsí àmì kankan lórí rẹ̀, àti orúkọ ìdílé pẹ̀lú orúkọ mùsùlùmí tàbí ti ìjọ nìkan. Lórí Google, kó fi àmì “ ” há orúkọ náà mọ́, kó wá fi ìlú tàbí iṣẹ́ ẹni náà kún un lẹ́yìn. Bí kò bá há a mọ́, Google á kó àwọn tó ń jẹ́ ìdajì orúkọ náà wá pẹ̀lú. Nígbà tí a tún tẹ orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin yìí bó ṣe wà lórí ìwé rẹ̀, ojú ewé ilé iṣẹ́ pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde, pẹ̀lú fọ́tò òrùlé oníbàárà àti nọ́ńbà tí ènìyàn lè pè. Àbúrò ìyàwó kò dé ibẹ̀ rárá.

Ohun tí òun rí jẹ́ méjì. Èkíní, ìròyìn nípa ọkùnrin kan tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, tó jẹ́jọ́ jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì níwájú CRIET, ilé ẹjọ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 2018. Ẹnikẹ́ni tó ń gbé ní Benin mọ ìbẹ̀rù tó wà nídìí èyí. Bí ọ̀dọ́ kan bá ní mọ́tò, tí wọn ò sì mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tó ń wọ ọkàn òbí ni pé gayman ni, oníjìbìtì orí fóònù. Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe asán. Àmọ́ ìròyìn yẹn dárúkọ ọjọ́ orí ẹni tó ń jẹ́jọ́: ọdún 22. Orí ìlà kẹta ló wà. Àbúrò ìyàwó kò ka ìlà kẹta.

Èkejì ni fọ́tò. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wà níbẹ̀ ní tòótọ́, ó dúró ti obìnrin kan tó gbé ọmọ ìkókó dání, àwọn méjèèjì wọ ànkárá kan náà. Ó kọ ọ̀rọ̀ Faransé méjì sábẹ́ rẹ̀, Ma famille, ìdílé mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n náà ni, ní ọdún 2019. Aṣọ ẹbí ni aṣọ náà. Bí ènìyàn bá fi ìka sún fọ́tò náà tóbi, á rí obìnrin mẹ́ta mìíràn lẹ́yìn wọn tí wọ́n wọ ànkárá yẹn kan náà. Ọjọ́ tó wà lókè fọ́tò sì tún ṣi àbúrò ìyàwó lọ́nà. Facebook máa ń rán ènìyàn létí ohun tó gbé síbẹ̀ ní ọjọ́ bí òní lọ́dún tó ti kọjá. Bí olóhun bá tún un pín, ọjọ́ tuntun ló máa wà lókè, ti àtijọ́ á wà nínú àpótí tó wà nísàlẹ̀. Oṣù mẹ́rin ṣáájú ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà tún un pín, nítorí náà ọmọ inú fọ́tò dàbí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí.

Ó ya capture, ìyẹn àwòrán ojú fóònù (screenshot), ó gé òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò kí ojú lè hàn dáadáa, ó sì gbé e sínú ẹgbẹ́ WhatsApp ẹbí, níbi tí ènìyàn tó lé ní 30 wà. Ó fi ìròyìn ilé ẹjọ́ tẹ̀lé e. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ kọjá díẹ̀.

Kò mọ̀ pé ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti rí i. Àbúrò ìyàwó ti ṣí story ọ̀dọ́mọkùnrin náà lórí Facebook, story sì lè fi orúkọ ẹni tó wò ó han olóhun. Wíwo ojú ewé lásán kì í fi orúkọ ẹni hàn lórí Facebook, ṣùgbọ́n story lè fi hàn, pàápàá bí ẹ bá jẹ́ ọ̀rẹ́ níbẹ̀, status WhatsApp lè fi hàn bí ẹ bá ti fi nọ́ńbà ara yín pamọ́ sínú fóònù, LinkedIn náà ń fi hàn àfi bí ènìyàn bá ti yí ètò rẹ̀ padà. Inú kò bí ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ó sọ fún ìyàwó àfẹ́sọ́nà rẹ̀ pé, “Àbúrò rẹ ń wò mí, ó dára.” Ó rò pé bí wọ́n bá ní ìbéèrè, wọ́n á bi òun.

Ọjọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta

Ní Kútọnu, àbúrò ìyá ìyàwó gba capture náà, ó sì fi ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń dá owó. Ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan mọ ọkùnrin náà ní Porto-Novo ni. Láti ibẹ̀, kò sí ẹni tó lè ka ibi tí fọ́tò náà dé mọ́.

Ó tún ṣe ohun méjì. Ó pe nọ́ńbà tí alárinà ti kọ sínú ìwé kékeré kan tipẹ́, kò wọlé. Ó ní nọ́ńbà èké ni. Nọ́ńbà oní díjíìtì 8 ni. Láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, nọ́ńbà ilẹ̀ Benin ti di oní díjíìtì 10, 01 ló ń ṣáájú gbogbo wọn. Ìwé kékeré alárinà ti dàgbà ju ètò yẹn lọ, ìyẹn nìkan ni. Èkejì burú jù, àwa sì kà á sí ohun tó burú jù nínú gbogbo ìtàn yìí: ó ní kí ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣí ojú ewé èké, kó fi fọ́tò ọmọge kan síbẹ̀, kó máa bá ọ̀dọ́mọkùnrin náà sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó máa gbà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dáhùn lẹ́ẹ̀kan: “Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ yín.” Ó sì dí ojú ewé náà pa. Ìyẹn kì í ṣe ìwádìí mọ́, ìdẹkùn ni. Bó bá tilẹ̀ ṣubú sínú rẹ̀, kí ni ìdílé máa sọ fún un pé àwọn ṣe mọ̀? Ohun tí ènìyàn kò lè sọ bí òun ṣe rí i, kò lè lò ó nínú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, alárinà lọ bá bàbá ìyàwó bí wọ́n ṣe ṣètò. Ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí àgbà: “Bàbá, ọ̀rọ̀ kan wà nípa ọkọ yìí tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi. Ó ní ọmọ kan.” Bàbá kò jẹ́ kó parí. Ó ní, “A ti mọ̀. A ti rí ọmọ náà. Ọ̀la la ó sọ ọ́.” Alárinà rò pé ìyá ìyàwó ti sọ ti ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ fún un. Bàbá rò pé ọmọ inú fọ́tò ni alárinà ń sọ. Àwọn méjèèjì ń sọ “ọmọ náà,” ọmọ méjì ló wà lọ́kàn wọn. Alárinà padà sílé pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú

Àwọn ará Porto-Novo gba Sakété àti Pobè wá, àwọn mẹ́sàn-án, bàbá ọkọ fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n kí ara wọn, wọ́n jókòó. Olórí ẹbí ìyàwó kò dúró de alága. Ó kọjú sí ọ̀dọ́mọkùnrin náà:

“Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ní ọmọ níta?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Mo ní.”

“Ìyá ọmọ ńkọ́?”

“Ó wà, bàbá. A jọ ń tọ́ ọmọ náà ni.”

Ariwo sọ nínú ilé. Ọmọkùnrin náà sọ òótọ́ nípa ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, wọ́n sì fi òótọ́ rẹ̀ ti irọ́ fọ́tò náà lẹ́yìn. Olórí ẹbí wá na fóònù sókè kí gbogbo ilé lè rí i: “Ẹ wo ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀, ó wá tún ń wá ọmọ tiwa!”

Bàbá ọkọ gba fóònù náà, ó wò ó pẹ́. Ọmọ bíbí inú rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ìyàwó ilé olóhun, tí wọ́n pè ní ìyàwó àbúrò rẹ̀ lójú ogún ènìyàn. Ó ní, “Ọmọ mi tó wà nílé ọkọ ni ẹ gbé sínú fóònù yín yìí.” Ó dìde. Àwọn tó bá a wá dìde pẹ̀lú rẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, ṣùgbọ́n níbí, kò tilẹ̀ sí ẹnì kan tí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ lẹ́nu rẹ̀ kí wọ́n tó dá a.

Bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní kí ìdílé ìyàwó má wo Facebook ni. A ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ wọn ni, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ bóyá ẹni tó ń bọ̀ ni ẹni tó sọ pé òun jẹ́. Ọ̀nà ló kù.

Kí òbí yan ẹnì kan, kí alárinà sì mọ ẹni náà. Kó jẹ́ ẹni tó lè pa ọ̀rọ̀ mọ́, tó sì mọ fóònù lò, kó má jẹ́ ẹni tí àníyàn ti gbà lọ́kàn. Àbúrò ìyàwó kò yẹ fún un, bó ti wù kó gbọ́n tó, nítorí ohun tí ẹni tó ń bẹ̀rù bá ń wá ló máa rí. Kí alárinà béèrè orúkọ pípé lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin náà fúnra rẹ̀, kó sì sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe: “Ọkọ mi, àwọn àna rẹ máa wò ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí wọ́n ṣe ń ṣe nísinsìnyí. Ṣé ohun kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí n ti mọ̀?” Ìbéèrè kan yìí ń gbọn ìdajì wàhálà dànù. Bí wọ́n bá ti bi ọ̀dọ́mọkùnrin náà báyìí, á ti sọ ti fọ́tò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti ti ẹni tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ, nítorí kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìròyìn ilé ẹjọ́ yẹn fi dà á láàmú.

Kó ku ọjọ́ 10 ó kéré tán sí ìjókòó. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ sí ọjọ́ Àìkú kéré jù: bí ìbéèrè bá jáde, kò sí àyè láti rìn lọ sí Porto-Novo kí a béèrè rẹ̀.

Kí ẹni tí wọ́n yàn kọ ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀ kó tó ṣí fóònù. Mẹ́rin tó: ṣé òun ni ẹni tó sọ pé òun jẹ́, ṣé iṣẹ́ tó sọ ló ń ṣe, ṣé ó ti ní aya nílé, ṣé ewu kan wà, bí ìlùkulù tàbí jìbìtì. Wákàtí kan ti tó fún un. Ohun tí kò sí nínú mẹ́rin yìí, kó fò ó: àwọn tó ti fẹ́ sẹ́yìn, àìsàn rẹ̀, owó tó ń wọlé fún un, ojú ewé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, fọ́tò ìgbà tó wà ní ilé ìwé. Kó má sì béèrè ìbádọ́rẹ̀ẹ́ lórí Facebook kó lè wọ ibi tí olóhun tì mọ́ àwọn tirẹ̀. Ohun tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé nìkan ni kó wò.

Orúkọ kò tó láti sọ pé òun nìyẹn. A máa ń béèrè ohun méjì mìíràn tó bá a mu yàtọ̀ sí orúkọ: ojú àti ìlú, tàbí iṣẹ́ àti ọjọ́ orí, tàbí ilé ìwé àti ẹbí tí a mọ̀. Nínú ìròyìn ilé ẹjọ́ yẹn, kò sí ohun tó bá a mu ju orúkọ lọ. Fọ́tò náà ní ojú, ṣùgbọ́n ojú ọ̀dọ́mọkùnrin náà nìkan ni, kò sí ohun tó sọ ẹni tí obìnrin náà jẹ́ sí i. Bí a bá fura pé wọ́n jí fọ́tò kan gbé láti ibòmíràn, kí a gbé e fún Google Lens, ó lè fi ibi mìíràn tí fọ́tò náà wà hàn. Truecaller ńkọ́? Àwọn kan gbẹ́kẹ̀ lé e jù. Orúkọ tó ń gbé jáde lè wá láti inú ìwé nọ́ńbà àwọn ẹlòmíràn, bí oníbàárà tó ń bínú bá sì ti kọ ọ́ pamọ́ sí fóònù rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe lè jáde sí ọ. Bí ó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyàwó nílé, íntánẹ́ẹ̀tì kì í sábà mọ̀ ọ́n. Ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe ní ìdílé kì í sí lórí Google, ti ìjọba sì wà nínú ìwé ní mairie, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Ẹnu àwọn ará àdúgbò ṣì mọ̀ ju fóònù lọ.

Ohun tó bá rí, kó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tó wà. Kó má ya capture kó fi ránṣẹ́. Capture kì í gbé ọjọ́ àti àlàyé rẹ̀ dání bí ènìyàn bá ti gé e, kò sì sí bí a ṣe lè pè é padà. Kó mú ìwé rẹ̀ lọ fún alárinà, alárinà ló máa lọ béèrè, ní ìkọ̀kọ̀, bí ìbéèrè gan-an, kì í ṣe bí ẹ̀sùn: “A rí ìwọ àti obìnrin kan tó gbé ọmọ dání, ẹ wọ aṣọ kan náà. Ta ni obìnrin yẹn?” Kó fi fọ́tò náà hàn án lọ́wọ́. Ẹ rántí pé ní Kétu, wọ́n béèrè ọmọ kí wọ́n tó fi fọ́tò hàn. Bí ó bá jẹ́ pé fọ́tò ló ṣáájú, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà máa sọ: “Ẹ̀gbọ́n mi ni.”

Ní ọjọ́ ìjókòó, kò yẹ kí ìwádìí jáde rárá. Bí àlejò bá sọ ohun tí ẹ ti kà, ẹ má já a gbà lẹ́nu rẹ̀ pé “a ti mọ̀,” ẹ má sì ṣe bí ẹni tí ẹnu yà. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ bó ṣe fẹ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ohun tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ níwájú yín ló lè dúró lé lórí lọ́jọ́ iwájú.

Ìdílé ọkọ náà ṣe ìwádìí, èyí sì yẹ kí a kọ. Ẹ̀gbọ́n obìnrin yẹn kan náà, tó wà nínú fọ́tò, ló wo ọmọbìnrin Kétu lórí TikTok ní oṣù méjì ṣáájú. Ó rí i níbi tó ti ń jó níbi àríyá kan. Ìgbà tí wọ́n pàdé ní Porto-Novo, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, “Ìyàwó wa, mo ti rí ẹ lórí TikTok, o mọ ijó.” Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. Wọn ò tún sọ ọ́ mọ́. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn: ó wò ó, ó sọ fún un pé òun wò ó, ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Àtúnṣe

Àbúrò ìyàwó fẹ́ pa capture náà rẹ́ lẹ́yìn ìjókòó. Ó ti pẹ́. WhatsApp ń gba ènìyàn láyè láti pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́ lọ́dọ̀ gbogbo ènìyàn fún nǹkan bí ọjọ́ méjì àti wákàtí 12. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ló gbé e síbẹ̀, òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ni àyè náà ti tán, kí àlejò tó jókòó. Wọ́n ní láti bẹ kálukú kó pa á rẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀, àti nínú ẹgbẹ́ àti láàárín àwọn fọ́tò inú fóònù, nítorí fọ́tò WhatsApp lè ti wọ ibẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ìdílé ìyàwó ṣe ohun kan tó dára lẹ́yìn èyí. Olórí ẹbí, ẹni tó na fóònù sókè, òun fúnra rẹ̀ ló gba ohùn sílẹ̀ tó fi ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ ẹbí, tó sì ní kí àbúrò ìyá ìyàwó gbé e dé ẹgbẹ́ Kútọnu. Kò tún fọ́tò náà fi síbẹ̀. Ó ní obìnrin inú rẹ̀ jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ìròyìn ilé ẹjọ́ kì í ṣe tirẹ̀, ẹ̀bi òun ni pé òun sọ ohun tí òun kò béèrè. Ìṣẹ́jú kan kò pé. A mẹ́nu kan èyí nítorí ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé kí ọmọdé kọ “ẹ má bínú” sínú ẹgbẹ́ kó sì tán. Ọ̀nà tí irọ́ gbà jáde ni àtúnṣe gbọ́dọ̀ gbà, ẹni tó sì ní ọlá jù nínú àwọn tó tàn án ló yẹ kó sọ ọ́.

Ẹjọ́ tún lè wà nínú rẹ̀. Òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, tí wọ́n ń pè ní Code du numérique, ní odindi ìwé kan, ìkarùn-ún, lórí ìdáàbòbò ọ̀rọ̀ nípa ènìyàn, APDP sì ni ilé iṣẹ́ ìjọba tí ènìyàn lè gbé ẹ̀sùn irú rẹ̀ lọ bá. Wíwo ohun tí ẹnì kan ṣí sílẹ̀ yàtọ̀ sí kíkó fọ́tò ọmọ rẹ̀ káàkiri pẹ̀lú ìtàn tí kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Porto-Novo mẹ́nu kan òfin náà lẹ́ẹ̀kan, wọn ò tẹ̀ lé e.

Ní ọjọ́ Ajé, alárinà àti ìyá ìyàwó lọ sí Porto-Novo. Wọ́n bá bàbá ọkọ, wọ́n dọ̀bálẹ̀ ọ̀rọ̀ síwájú rẹ̀, alárinà sì sọ ti ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ fún àwọn bàbá Kétu nígbà tó padà dé, látòkè délẹ̀, pẹ̀lú bàbá ìyàwó tó ń gbọ́ ọ dé ìparí lọ́tẹ̀ yìí. Bàbá béèrè ìbéèrè méjì, ọjọ́ orí ọmọ náà àti bóyá ọmọbìnrin òun mọ̀. Nígbà tó gbọ́ pé ó mọ̀, ó ní kò burú. Ọmọ yẹn gan-an, tó jẹ́ òótọ́, kò fa ìjà kankan. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà ni ìkànlẹ̀kùn kejì wáyé, wọ́n sì gba obì.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ dùn jù ni ẹni ìkẹyìn tí wọ́n rántí láti bẹ̀. Ọkọ ẹ̀gbọ́n obìnrin náà ń ṣiṣẹ́ ní Parakou, fọ́tò ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ sì dé fóònù rẹ̀ láti ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé aya oníjìbìtì ni. Olórí ẹbí Kétu pè é. Ẹ̀gbọ́n náà ní ìpè kò tó òun, kí ẹni tó gbé fọ́tò òun jáde kúrò nínú ẹbí wá sílé òun. Àbúrò ìyá ìyàwó gbéra láti Kútọnu lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan, ó mú ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ṣí ojú ewé èké dání, wọ́n sì pa ojú ewé náà rẹ́ níwájú gbogbo ènìyàn. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, ẹ̀gbọ́n náà kọjú sí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Ó ní kó yọ fọ́tò náà kúrò lórí Facebook, nítorí kò bi òun léèrè kó tó gbé e síbẹ̀ ní ọdún 2019, kò sì bi òun léèrè nígbà tó tún un pín. Ó yọ ọ́.